Kí ló dé tí sísọ̀kalẹ̀ Òkè Sóbì fi ń dun itan ju gígùn rẹ̀ lọ?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti gun Òkè Sóbì níbí ní Ìlọrin rí mọ̀ pé gígùn ló ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Àmọ́ itan tó ń ro yín lọ́jọ́ kejì, débi pé ẹ ń di ògiri mú kí ẹ tó lè jókòó, sísọ̀kalẹ̀ ló fà á.

Ẹ gbé ọwọ́ lé itan yín. Bí ẹ bá ń gùn, ṣe ni ẹran itan ń súnkì. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì fẹ́ súnkì kí orúnkún má baà yẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo ara ń nà án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ á já níhìn-ín lọ́hùn-ún, awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì á sì lu.

Ibí yìí ló wù mí jù. Calcium, èròjà tó ń mú egungun le, tí sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ kó pọ̀ nínú òun, á rọ́ gba ojú ihò yẹn wọlé, á sì jí àwọn èròjà tó ń gé purotéènì. Sẹ́ẹ̀lì tó fara pa á wá figbe ta. Neutrophil, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara, ló ń kọ́kọ́ dé, láàárín wákàtí díẹ̀. Macrophage, sẹ́ẹ̀lì agbèjà mìíràn tó ń gbé pàǹtí mì, á tẹ̀ lé e. Omi á jò láti inú òpó ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á wú, á sì máa dùn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ìrora náà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Ẹ má gbà pé lactic acid, èròjà tí ẹran ara ń ṣe nígbà iṣẹ́ líle, ló fà á o: bíi wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn ti lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má pe wíwú yìí ní ọ̀tá. Macrophage tó kó pàǹtí tán náà ló ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó sùn ti fọ́nrán ẹran, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexander Mauro kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1961. Àwọn ló ń tún ibi tó já ṣe.

Àmọ́ bí ìtọ̀ bá dúdú bí tíì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ẹ má dúró mu àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, torí kíndìnrín wà nínú ewu.

Àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà tó ń kọ ebè mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń roni jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sóbì: ẹ tún un gùn lọ́sẹ̀ méjì sí i, itan yín ò ní ro yín tó ti àkọ́kọ́.