“Mo fẹ́ lọ ra bisikíìtì, mò ń bọ̀”: irọ́ tó ń ba sùúrù ọmọ jẹ́

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tíṣà nọ́sìrì àti ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní kí n sọ bí ọmọ kékeré ṣe lè máa kó ara ẹ̀ níjàánu, wákàtí kan ni wọ́n fún mi, jẹnẹrétọ̀ sì ti jẹ 20 ìṣẹ́jú níbẹ̀. (Ẹ̀rín.)

Gbogbo yín lẹ mọ ìdánwò marshmallow, súìtì rírọ̀ kan, tí Walter Mischel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe fáwọn ọmọdé ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, jẹ ẹyọ kan báyìí àbí kó o dúró gba méjì, mi ò ní tún un sọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ di ìwàásù pé ọmọ tó bá dúró ló máa là. Lọ́dún 2013 Celeste Kidd àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Rochester, l'Amẹ́ríkà, mú ọmọ 28, wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí kréyọ̀nù tó dáa fún wọn. Àwọn kan rí i gbà, àwọn yòókù, ọwọ́ òfo ni àgbà gbé dé, “pẹ̀lẹ́, ó ti tán”. Ìgbà tí marshmallow wá délẹ̀, àwọn tí wọ́n mú ìlérí ṣẹ fún dúró tó ìṣẹ́jú 12, àwọn tí wọ́n já kulẹ̀ ò ju bíi 3 lọ. Ṣé wọn ò ní sùúrù ni àbí wọ́n gbọ́n?

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ìyá gbé ọmọ wá láàárọ̀, ọmọ ń ké, ìyá ní “mo fẹ́ lọ ra bisikíìtì fún ẹ, mò ń bọ̀”, ó bá yọ́ lọ, ó di aago méjì ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì ọmọ ò fi aṣọ ìyá ẹ̀ sílẹ̀ mọ́, àwa tíṣà á ní wọ́n ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Èmi náà ti pa irú irọ́ yẹn rí, mo ní “wò ó, mọ́mì ẹ ló ń bọ̀ yẹn”, ọmọ wo géètì títí tó fi sùn. Ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgba ló ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó nìkan ló fi ń dákẹ́. Ẹ yíjú padà ná.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni màmá kan nawọ́ lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ 45 ni mo ní ní kíláàsì, èmi nìkan, ìlérí ta ni kí n mú ṣẹ?” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, mo bá ká ìwé mi. Mà, ẹ má ṣèlérí púpọ̀. Ẹyọ kan láàárọ̀ ti tó, “tá a bá jẹun tán, a máa ṣe bojúbojú”, kẹ́ ẹ sì ṣe é, bójò bá ń rọ̀, ẹ ṣe é nínú kíláàsì. Bojúbojú yẹn gan-an, ọmọ tó sá pamọ́ tẹ́rìn-ín ń gbọ̀n ọ́n tí ò gbọdọ̀ rín, ìjánu ló ń kọ́ yẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ti ọpọlọ, ní kúkúrú: apá iwájú ọpọlọ, tó ń jẹ́ kéèyàn lè kó ara ẹ̀ níjàánu, ṣì ń dàgbà lẹ́yìn tí èèyàn ti pé 20 ọdún, kí lẹ wá ń retí lára ọmọ ọdún 3?

Ó ku ti Kamẹrúùnù. Wọ́n ṣe irú ìdánwò dídúró yẹn níbẹ̀, wọ́n gbé puff-puff síwájú àwọn ọmọ ẹ̀yà Nso, ọmọ ọdún 4, bíi 70 nínú 100 ló dúró, àwọn ọmọ Jámánì ò tó 30. Ẹnì kan pariwo pé wọ́n ti jẹ ẹ́ yó nílé ni. Mo fẹ́ dáhùn, MC gba máìkì, ó ní màá dáhùn lẹ́yìn oúnjẹ. Wọn ò pè mí padà.