Ẹyọ Kan Tí Wọ́n Yọ

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ò dá láti àárọ̀ níbí ní Manchester, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ọkàn mi wà.

Òwò obì gbànja ni Ìyá Àgbà ṣe. Mo kéré nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n da obì bíbó méjìlélọ́gbọ̀n sórí ẹní, wọ́n ní kí n kó o jọ lọ́gbọọgba kí wọ́n tó fi ewé dì í. Mo kó o ní mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́jọ gééré. Inú mi dùn. Àfi bí àlejò kan ṣe yọjú. Ìyá Àgbà mú ẹyọ kan níbẹ̀, wọ́n fi ṣe é lálejò.

Mo tú u ká. Mo kó o ní méjì méjì, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Mẹ́ta mẹ́ta, ẹyọ kan. Márùn-ún márùn-ún, ẹyọ kan náà ni! Mo bú sẹ́kún, mo rò pé mi ò mọ nǹkan kà. Wọ́n ní, "Kò ní í pín mọ́, ọmọ mi. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ilé ìwé girama ni mo ti wá mọ̀ pé nọ́ńbà práìmù ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò ṣeé pín dọ́gba, àfi lẹ́yọ lẹ́yọ, tàbí kéèyàn kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Eéjì márùn-ún tí wọ́n sọ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn (2 × 2 × 2 × 2 × 2) ló ń jẹ́ 32, tí wọ́n wá yọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Ṣebí báwa náà ṣe ń ka mọ́kàndínlógún nìyẹn, ogún ó dín kan? Orúkọ Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé tó kọ̀wé nípa wọn ní 1644, ni wọ́n fi ń pe irú nọ́ńbà yìí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ práìmù o: eéjì mọ́kànlá tí wọ́n sọ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn jẹ́ 2,048; ó dín kan jẹ́ 2,047, 23 lọ́nà 89 sì ni.

Ní 1876, láìsí kọ̀ǹpútà kankan, Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn pé ọ̀kan tó ní díjíìtì 39 jẹ́ práìmù. Ìyẹn wú mi lórí ju ohunkóhun lọ. Ní October 2024, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Luke Durant rí èyí tó tóbi jù tá a tíì mọ̀: eéjì 136,279,841 tí wọ́n sọ di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ó dín kan. Díjíìtì 41,024,320 ni. Bí mo bá ń ka díjíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn láìjẹun, ó máa lé ní ọjọ́ 474. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí Lucas fi lélẹ̀, tí Lehmer, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tún ṣe, ni wọ́n sì fi fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday mo pe màmá mi ní Ṣágámù, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹyọ kan tí wọ́n yọ yẹn, ta ni wọ́n fún?"