Òṣèré Mẹ́fà, Olórin Kan: Oríkì Ni Wọ́n Ń Kì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olólùfẹ́ fíìmù sọ ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, nìyí. Mo gé díẹ̀ kúrò, mo fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Bí fíìmù náà ṣe parí báyìí, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ káàkiri: "Èwo gan-an ni Bob Dylan nínú wọn?" Todd Haynes ló ṣe I'm Not There ní 2007, ó sì kó òṣèré mẹ́fà jọ láti ṣe olórin kan ṣoṣo, Dylan, ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, tó gbé gìtá dání, tó ń fò mọ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Obìnrin wà níbẹ̀, Cate Blanchett. Christian Bale ṣe olórin tó ń fi orin jà fún ẹ̀tọ́, ó tún wá di pásítọ̀. Wọn ò jọra, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Dylan.

Mo ti sọ ọ́ níbòmíràn, màá tún un sọ: àwa Yorùbá ló yẹ kí fíìmù yìí tètè yé. Oríkì ni.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ki ìlú tí a wà yìí. Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi tí olè gbé ń jàre olóhun. Ẹni tó ń kì í kò dúró sọ ọdún tí olè jàre, kò sọ ohun tí olóhun ṣe lẹ́yìn náà. Ó ti bọ́ sórí òmíràn: Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Iyì àti àbùkù jókòó sórí ẹní kan, ọmọ Ìbàdàn ń gbọ́ ọ, orí rẹ̀ ń wú. Ta ló béèrè rí pé ìlà wo nínú rẹ̀ ni Ìbàdàn gan-an?

Àwọn kan ń kọ̀wé nípa fíìmù nílẹ̀ yìí tí wọ́n fẹ́ kí ayé olórin tò bí ìlẹ̀kẹ̀: a bí i, ó jìyà, ó là, ó kú. Mo ń bá wọn jà, mi ò sì ní dẹ́kun. Túndé Kèlání gba ọ̀nà tó sún mọ́ ìyẹn nínú Ayinla ní 2021, Lateef Adédiméjì nìkan ló ru Àyìnlá Ọmọwúrà lórí, mo sì gbádùn rẹ̀ dénú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ̀nà kan di òfin ti gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pè é láàárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ kí wọn.

Ẹ wo ti Newport, àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1941 ni wọ́n bí Dylan ní Minnesota, Robert Zimmerman lorúkọ rẹ̀. Gìtá lásán ló fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní oṣù keje 1965, ó gbé gìtá oníná lọ sí Newport, àwọn kan sì ń hó lé e lórí. Nínú fíìmù, Blanchett àti àwọn onílù rẹ̀ kọjú sí èrò, ìbọn ni wọ́n yọ sí wọn! Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dún létí àwọn tó ń hó nìyẹn. Bí oníjàálá bá ní ọdẹ kan fọwọ́ òsì mú ẹkùn, ṣé awọ ẹkùn la ó ní kó mú wá?

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ní ti obìnrin tó ṣe ọkùnrin: ẹ rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọkùnrin ń dira bí ìyá ọlọ́mọ, ẹ rántí irun dídì orí elégùn Ṣàngó. Ní àjọ̀dún fíìmù Venice, Blanchett gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù. Heath Ledger ṣe ọkọ tí ilé rẹ̀ ń tú, Richard Gere ṣe ìsáǹsá, Ben Whishaw ń dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn tó ń wádìí ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ fi wọ́n kún un.

Ibi tí mo fẹ́ gbà parí ni orin Hárúnà Ìshọ̀lá, ṣùgbọ́n ìyá kan nawọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní ilé onílù ni wọ́n bí àwọn sí.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ki èèyàn, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀. Ẹni náà á wà níbẹ̀, á dáhùn, á náwó. Èyí tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀, tí òun náà ò sí níbẹ̀, ta ni wọ́n ń kì?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyá, ẹ ṣeun. Dylan gbà kí wọ́n lo orin rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gan-an lẹ ń gbọ́ lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìran."

"Ìlù nìyẹn. Ìlù lè pe èèyàn láìfi ẹnu pè é. Ẹni tí wọ́n pè ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n tún ìparí rẹ̀ fi hàn. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ, ojú Dylan fúnra rẹ̀ yọ, àwòrán àtijọ́ láti 1966, ó ń fọn hàmóníkà. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà ń fọn ọ́n, ojú rẹ̀ nìkan ló kún ara ògiri.

Ìyá ń fi ìka lu ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wọn, wọ́n ń bá a lọ títí ó fi dákẹ́.

"Ó ti dáhùn," ni wọ́n wí.