Ohun Tí Ọmọ Ṣe Lẹ́yìn Ọgbà Ilé-Ìwé: Ta Ni Yóò Sọ Fún Olùkọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí àwọn tó pè mí gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé, bí ọmọ bá gba àmì ẹ̀yẹ níbi eré ìdárayá tí kì í ṣe ti ilé-ìwé rẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí òbí sọ fún ilé-ìwé, tí ó bá sì yẹ, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni tó ń fọ́nnu? Ìdáhùn mi ni pé ó yẹ, àti pé ọ̀pọ̀ wa ló ń pẹ́ jù kí a tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣàlàyé, mo ní ẹ̀bi kan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ìṣirò ní ilé-ìwé kan ní ìlú yìí, ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí oorun máa ń gbé lọ ní àárọ̀ Ọjọ́rú àti ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo bá a wí títí ó fi sú mi. Ní Ọjọ́rú kan, mo ní kí ó dìde kí ó lọ dúró sẹ́yìn, bí ó sì ti ń dìde ni àpò ọ̀rá dúdú kan já bọ́ láti abẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo rò pé ìpanu ni. Pátákó tí wọ́n fi ń gbá tẹ́bù tẹ́nìsì ni mo bá níbẹ̀, rọ́bà ojú rẹ̀ kan pupa, èkejì dúdú, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù yí etí rẹ̀ ká nítorí pé ó ti ń ṣí. Ìgbà yẹn ni mo tó bi í. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, bí a bá ti jáde, òun máa ń wọ bọ́ọ̀sì BRT lọ sí Rowe Park ní Yaba, àti pé kí òun tó padà dé Ìkòròdú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 bá ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti máa ń kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tó fi mọ́ èyí tí èmi gan-an fún un. Ó ti gba ipò kẹta rí níbi ìdíje kan. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?" Ó ní, "Ẹ ò bi mí, sà."

Mo bẹ ọmọ náà. Nígbà tí mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun, pé bí àwọn olùkọ́ bá gbọ́, wọn yóò ní eré ni kò jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé. Kí n má purọ́ fún yín, ká ní ó sọ ọ́ fún mi lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ohun tí ǹ bá sọ gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kóòṣì ọmọ yẹn àti èmi ń pín ọmọ kan ṣoṣo láàárín ara wa láìmọ ara wa. Kóòṣì mọ ìgbà tí apá ń ro ó, kò mọ ìgbà tí ó ní ìdánwò. Èmi mọ ìgbà ìdánwò, n kò mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi ń wọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ méjèèjì, ó sì dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ló dákẹ́, tara ọmọ ló bá a dákẹ́. Nítorí náà, bí òbí bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ibi tí wákàtí ọmọ ń lọ ni olórí ìròyìn tó yẹ kí ó mú wá. Àmì ẹ̀yẹ jẹ́ ẹ̀rí pé wákàtí náà kò ṣòfò, ṣùgbọ́n kódà ọmọ tí kò tíì gba nǹkan kan, a nílò láti mọ̀ nípa rẹ̀.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀bùn tó hù lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé. Ìkòròdú níbí ni Tunde Onakoya gbé dàgbà, ilé onígbàjámọ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta chess nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀; ní oṣù kẹrin 2024 ó jókòó sí Times Square ní New York, ó sì ta chess fún wákàtí 60. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní chess kì í ṣe eré ìdárayá, nítorí pé ẹni tó ń ta á kì í làágùn. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé ti tẹ́wọ́ gba àjọ tó ń darí rẹ̀ láti 1999, ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn yẹn sílẹ̀. Ilé onígbàjámọ̀ náà ni mo fẹ́ kí a wò. Olùkọ́ kì í dé ibẹ̀ lọ wo ta ló mọ̀ ọ́n ta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ìwé, ọmọ tó ń lu àgbàlagbà ní àlùbami lórí pátákó ní ìrọ̀lẹ́ lè wà lọ́dọ̀ wa fún ọdún mẹ́fà, kí a má mọ̀ ọ́n ju "èyí tó máa ń jókòó sẹ́yìn" lọ. Ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 kò ní dìde láàárín kíláàsì kí ó máa ka oríkì ara rẹ̀ fún wa.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ni kí a sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ òbí máa ń dúró di ìgbà tí ife bá wọlé kí wọ́n tó yọjú, bẹ́ẹ̀ ìròyìn tó wúlò jù fún wa ni èyí tó dé ṣáájú ìdíje. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, máàkì 40 nínú 100 ló ń wá láti inú iṣẹ́ àti ìdánwò àárín sáà, 60 tó kù ni ti ìdánwò ìparí. Ọmọ tó lọ díje ní Ọjọ́bọ̀ tí a ṣe ìdánwò àárín sáà, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa, òdo ni a óò kọ síwájú orúkọ rẹ̀, a óò sì fàmì sí i nínú rẹ́jísítà pé kò wá. Bí ó bá dé ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn, a óò pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n òdo yẹn ti jókòó. Bí lẹ́tà bá ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a óò wá ọjọ́ mìíràn tí yóò ṣe ìdánwò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Ẹ jẹ́ kí n ka irú èyí tí mo fẹ́ràn láti gbà: "Ọ̀gá, ọmọ mi tó wà ní JSS 1 B ń kọ́ odò wíwẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ní Sátidé. Ní Sátidé tó kọjá, nínú ìdíje mítà 50, ó ṣe ipò kejì láàárín ọmọ 14 tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 12 lọ. Yóò tún díje ní ọjọ́ 17 oṣù tó ń bọ̀, kò sì ní lè wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá ìdánwò kankan bọ́ sí i. Mo fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ há lẹ́tà yìí." Ẹ kíyè sí iye ọmọ tó kópa, tí òbí yìí kò fi pamọ́. Ipò kejì láàárín ọmọ 14 dára. Ipò kejì láàárín ọmọ méjì, Ọlọ́run ló mọ̀. Òbí tó bá ti sọ iye yẹn fún mi, gbogbo ohun yòókù tó bá kọ ni n óò gbà gbọ́. Kò sì tọrọ máàkì. Lẹ́tà tó bá ti ń tọrọ máàkì nítorí bọ́ọ̀lù máa ń ba ti àwọn ẹlòmíràn jẹ́.

Olùkọ́ kíláàsì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fún olùkọ́ eré ìdárayá ní ẹ̀dà kan. Fọ́tò tí a jù sí WhatsApp àwọn òbí, tí gbogbo ènìyàn kọ "ẹ kú oríire" sí lábẹ́, tí ìkéde owó ilé-ìwé sì bò mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò tíì dé ilé-ìwé. Ìdí tí mo fi dárúkọ olùkọ́ kíláàsì ni pé òun ló ń kọ ìwé èsì. Bí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé èsì ọmọ yín jáde, kí ẹ wo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ìlà kéékèèké wà: ìmọ́tótó, ìfọwọ́kọ̀wé, lílo irinṣẹ́, eré ìdárayá, tí a ń kọ 1 sí 5 síwájú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ tú àṣírí wa. Ibi tí a ń fi ìkánjú kọ jù nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ń kígbe pé ìwé èsì dà, 3 ni à ń kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé íńtá-háòsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún la fi rí àwọn ọmọ lórí pápá. Àyè ti wà nínú ìwé náà fún ohun tí ọmọ ń ṣe. Ẹni tó mọ ohun tí yóò kọ síbẹ̀ ni kò sí.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í sọ síta, tí mo sì mọ̀ pé òun ló pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ orí tó wà lọ́wọ́ kóòṣì kọ́ ló wà nínú ìwé ìgbàwọlé ilé-ìwé. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá pàápàá, a mọ ohun tí à ń sọ. Láti ìgbà tí Ikorodu City ti wọ líìgì àgbà ní 2024, bóyá ni kíláàsì kan wà ní ìlú yìí tí a kì í ti í gbọ́ orúkọ wọn, gbogbo bàbá ló sì fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ tètè yọ. Ọmọ ọdún 16 ní ilé-ìwé a di ọmọ ọdún 13 lórí pápá. Bàbá rẹ̀ a wá máa sá fún lẹ́tà, kí olùkọ́ má baà béèrè pé ìdíje àwọn ọmọ ọdún mélòó ni. Ní 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, FIFA lo ẹ̀rọ MRI láti ya àwòrán ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé egungun ibẹ̀ máa ń so pọ̀ pátápátá bí ọmọ bá ti ń dàgbà, kò sì sí ìwé ìbúra tó lè tú u padà. Àwọn kan lára àwọn tí a ti kó jọ fún ẹgbẹ́ wa ni àyẹ̀wò náà yọ dànù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òbí tó bá ti purọ́ fún kóòṣì, kí ó lọ tún un ṣe kí ó tó wá bá wa, nítorí pé ìwé tiwa kò ní yí padà.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù aráyé. N kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, Yorùbá ni èmi náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà sí olùkọ́ kan kì í ṣe agogo ọjà. Òbí lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má kéde rẹ̀ ní asẹ́ńbílì, kí a má sì gbé fọ́tò ọmọ òun sórí Facebook ilé-ìwé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 pàápàá mọ̀ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Kí ẹ tó kọ ọ́ rárá, ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀. A pe ọmọkùnrin kan jáde rí ní asẹ́ńbílì, a fi àmì ẹ̀yẹ eré sísá kọ́ ọ lọ́rùn, a rò pé a dá a lọ́lá. "Òlíḿpíìkì" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é títí sáà fi parí, àní bí ó bá ń lọ sí ilé ìgbẹ́. Kò mú bàtà eré rẹ̀ wá sí ilé-ìwé mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo òkèèrè, Tobi Amusan láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó sáré mítà 100, irú èyí tí wọ́n ti ń fo igi ìdínà, ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní oṣù keje 2022, tí kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, yunifásítì kan ní Texas ló ti kàwé tó sì ti sáré. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá fẹ́ díje ní ìpele àkọ́kọ́ àwọn yunifásítì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àṣeyege nínú kọ́ọ̀sì 16 láti ilé-ìwé girama rẹ̀ hàn. Ilé-ìwé ni yóò sì kọ ìwé náà ránṣẹ́. Kò dára kí ọjọ́ tí a óò kọ ọ́ jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a óò gbọ́ pé ọmọ náà ń sáré.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Òbí tó ní owó kóòṣì ló máa ń mọ lẹ́tà kọ. Ọmọ tó ń gbá mọ́ńkì póòsìtì ládùúgbò kò ní ìwé ẹ̀rí, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ni yóò kọ tirẹ̀? Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ti sọ fún mi pé n kò bi òun, ní ọ̀sẹ̀ kìíní gbogbo sáà, mo máa ń pín ìdajì ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é, àti ẹni tó ń kọ́ wọn. Òfìfo ni àwọn kan máa ń dá padà. Ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀ kan kọ ọ́ pé òun máa ń bá bàbá òun tukọ̀ lórí ọ̀sà ní gbogbo Sátidé, pé òun sì lè wẹ̀ láti ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ títí dé ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí, kí òun sì wẹ̀ padà. Níwájú ibi tí mo ti béèrè ẹni tó ń kọ́ ọ, ó kọ "Kò sí", ó fagi lé e, ó wá kọ "Dádì mi". Mo há ìdajì ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ́jísítà, ibẹ̀ ni mo sì ti mú un ní ìparí sáà, nígbà tí mo dé ìlà eré ìdárayá nínú ìwé èsì rẹ̀.