Ọmọ Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí wa ní Ìkòròdú, ẹ̀yin tíṣà wa, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wọ bàtà bọ́ọ̀lù wá síbí bí ẹni pé a fẹ́ ta òmì.

Ọ̀rọ̀ yíyan ọmọ sínú tíìmù ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kí n sọ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde kíláàsì, géèmù-máásítà á pín àwọn ọmọ sí méjì: àwọn kan á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, àwọn kan á wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù kan, ọmọ rẹpẹtẹ. Ọmọ kúkurú kan tí ojú rẹ̀ là á ti sáré síbi tó yẹ, á máa pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, páàsì!", kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Èyí tó ga fíofío, tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri lọ sádùúgbò kejì, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Lọ́jọ́ kejì, lórí àsẹ́ńbílì, wọ́n á ka orúkọ 18. Ẹni tí wọn kò pè ní JSS 2, kì í sábà yọjú mọ́ tó bá dé SS 1.

Bí ẹ bá bi olùkọ́ náà, á ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe dáadáa ni. Ṣùgbọ́n lórí pápá, ara máa ń tan ojú jẹ. Ọmọkùnrin kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ga gọgọrọ ní ọmọ ọdún 12, kí ẹnìkejì rẹ̀ má tíì bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi di 15, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan náà ni wọ́n wà.

Oṣù ìbí gan-an ń dá sí i. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Kánádà. Àwọn tí wọ́n bí lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù January ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́, nítorí náà ọmọ January fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju ọmọ December lọ. Kóòṣì rí i pé ó lágbára, ó mú un, ó ń kọ́ ọ, ó ń gbé e wọ pápá. Nígbà tó bá yá, ó á wá mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́, kóòṣì á sì ní ojú òun ríran.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí kì í fi Michael Jordan, ìlúmọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball) ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀. Ní 1978, nílé-ẹ̀kọ́ Laney ní Wilmington, North Carolina, orúkọ rẹ̀ kò sí lára tíìmù àgbà. Nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Leroy Smith ni wọ́n mú, torí ó ga ju Jordan lọ dáadáa. Wọ́n á ní Jordan lọ sílé, ó sunkún, kò sọ ìrètí nù. Ohun tí wọ́n ń fò dá ni pé wọn kò lé e. Tíìmù kejì ni wọ́n fi í sí, junior varsity, tó ní kóòṣì tirẹ̀ àti ìdíje tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbá a léraléra, tó ń ga sí i, kó tó bọ́ sí ti àgbà. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa ni, ibo ni ì bá ti gbá a? (Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ti ṣe é tán o. Níbẹ̀ náà, òbí olówó ń sanwó fún kóòṣì àdáni.)

Níbi tí ọ̀nà bá ti jẹ́ ẹyọ kan, àwọn èèyàn á máa fo ògiri. Ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Òbí á lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ọmọ 19 á di 15, yóò sì gba àyè lọ́wọ́ ọmọ 15 gidi. Ní 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju 17 lọ, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti ju ọjọ́ orí náà lọ.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Asisat Oshoala, Ìkòròdú níbí ni wọ́n bí i, ní 1994. Ní Kánádà lọ́dún 2014, nínú ìdíje àwọn tí kò ju 20 lọ, ó gbá góòlù 7 wọlé, òun náà ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ilé-ẹ̀kọ́ mélòó lágbègbè yìí ló ní tíìmù obìnrin rárá? Àwọn tiwọn kò tilẹ̀ tíì débi pé wọ́n ń du àyè.

Géèmù-máásítà kan nàró, ó ní tíìmù ẹyọ kan gan-an, àwọn ò rówó jẹ́sì rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tíìmù kejì ò nílò jẹ́sì, ohun tó nílò ni àwọn tí wọ́n máa bá gbá a. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó ló wà nínú ọgbà kan náà, ògiri ló pààlà wọn. Owó ọkọ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀sán Friday kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì tún yan ọmọ lákọ̀tun ní gbogbo táàmù.

Ó ní, "Ta ló máa fọn fèrè? Èmi nìkan ni mo wà."

Mo ní SS 2 ń bẹ níbẹ̀, sà. Ẹ kọ́ wọn ní òfin eré, kí ẹ gbé fèrè fún wọn.