Ẹ má fọwọ́ kọ ID: bí a ṣe ń fi àkọsílẹ̀ sínú tábìlì PostgreSQL

Ẹ káàbọ̀ o. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ṣáá nìyí: "ID wo ni kí n kọ?" ID ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú tábìlì. Ẹ má kọ ìkankan. Database (ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, bíi PostgreSQL yìí) ló ń fún yín ní nọ́ńbà.

Tábìlì wa rèé:

CREATE TABLE onibara (
id bigint GENERATED ALWAYS AS IDENTITY PRIMARY KEY,
oruko text NOT NULL,
adugbo text
);

GENERATED ALWAYS AS IDENTITY yẹn ló ní kí database fúnra rẹ̀ máa fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ID. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi èèyàn sí i:

INSERT INTO onibara (oruko, adugbo)
VALUES ('Àdùkẹ́', 'Mọ́kọ́lá')
RETURNING id;

Ẹ wo àkámọ́ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, kò sí id níbẹ̀. Bí ẹ bá fo àkámọ́ náà, "Àdùkẹ́" ni yóò fẹ́ rọ́ sínú id, PostgreSQL á sì pariwo pé "invalid input syntax for type bigint".

RETURNING yẹn ni mo fẹ́ràn jù! Ó dá 1 padà fún wa lójú ẹsẹ̀. Òun lẹ máa gbé lọ sí tábìlì ọjà tí Àdùkẹ́ rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé lo SELECT max(id) láti fi wá ID tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Bí akọ̀wé méjì bá jọ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè mú ID ẹlòmíì, gbèsè Àdùkẹ́ á sì bọ́ sọ́rùn aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo MySQL (database mìíràn), LAST_INSERT_ID() ni tiyín. Bí ẹ bá fi INSERT kan ṣoṣo kó ìlà mẹ́wàá wọlé, ID ti àkọ́kọ́ ló máa fún yín o.

Ẹnìkan bi mí nínú kọ́mẹ́ǹtì pé ID òun kàn fò láti 7 sí 9. Kò bàjẹ́. INSERT tó kùnà tàbí tí ẹ fi ROLLBACK fagi lé ti jẹ 8, káúntà tó ń ka ID kì í sì í padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má fi ID ṣe nọ́ńbà rìsíìtì.

Bí ẹ bá ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé pẹ̀lú ID tiwọn ńkọ́? Ẹ fi OVERRIDING SYSTEM VALUE síwájú VALUES, kí PostgreSQL lè gba ID tí ẹ kọ. Àmọ́ káúntà kò mọ̀ pé ẹ kó nǹkan wọlé. 1, 2, 3 ló ṣì máa kà, àṣìṣe "duplicate key" (ID kan náà lẹ́ẹ̀mejì) á sì bá yín. Ẹ sún un síwájú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan sínú tábìlì:

SELECT setval(pg_get_serial_sequence('onibara', 'id'),
(SELECT max(id) FROM onibara));

Ibí nìkan ni mo ti gba max láyè. Bí ti àtijọ́ bá parí sí 500, ẹ fi ẹnìkan sí i báyìí: 501 ló gbọ́dọ̀ jáde.