Omri, ọba tí Bíbélì fi ẹsẹ mẹ́fà lé lọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní London. Mo tún un tò díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà inú rẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní, aago sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

Ta ló rántí Omri? Ọwọ́ méjì ló nà. Bó bá jẹ́ Ahabu ọmọ rẹ̀ ni mo bèèrè, tàbí Jesebeli ìyàwó Ahabu, gbogbo ilé ni ì bá pariwo. Ẹ̀bi yín kọ́. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 16, ẹsẹ 23 dé 28, ibẹ̀ ni gbogbo ìjọba ọkùnrin náà wà. Ọdún 12 ló jẹ. Ó ra òkè Samaria lọ́wọ́ Ṣemeri ní tálẹ́ńtì fàdákà méjì, ó kọ́ ìlú sórí rẹ̀, ó ṣe búburú ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó kú. Ó tán.

Ẹ wá gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ní 1868, ní Dhiban ní ilẹ̀ Jọ́dánì òní, wọ́n fi òkúta dúdú kan han míṣọ́nnárì kan, Frederick Klein. CMS ló rán an, CMS kan náà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ń bá ṣiṣẹ́ lójú Odò Ọya lásìkò yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń du òkúta náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Inú bí àwọn onílẹ̀: wọ́n dáná sí i, wọ́n da omi tútù lé e, ó sì fọ́ yángá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Clermont-Ganneau, ará Faransé, ti ní kí wọ́n fi bébà tútù tẹ ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ṣáájú. Àfọ́kù tí wọ́n tò pọ̀ ló wà ní Louvre ní Paris.

Meṣa ọba Moabu, ọlọ́sìn àgùntàn inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 3, ló kọ ọ́. Ó ní Omri ọba Israẹli ni Moabu lára fún ọjọ́ pípẹ́, torí pé Kemoṣi òrìṣà wọn ń bínú sí ilẹ̀ rẹ̀. Àbí ẹ ò rí i? Ìwàásù àwọn wòlíì Israẹli gan-an nìyẹn, òrìṣà nìkan ló yàtọ̀. Asiria ńkọ́? Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Omri tí wọ́n ṣì ń pe Israẹli ní Ilé Omri. Layard, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, hú òpó dúdú Ṣalmaneseri Kẹta, ọba Asiria, jáde ní Nimrud ní ilẹ̀ Iraq òní ní 1846. Jehu ọba Israẹli, tàbí ìránṣẹ́ rẹ̀, ló dojú bolẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pè é ní ọmọ Omri. Jehu o! Ẹni tó pa ìdílé Omri run pátá. (Ẹ̀rín.)

Ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń sọ, ẹ ó sì tún gbọ́ ọ lálẹ́ yìí: ẹni tó kọ Ìwé Àwọn Ọba mọ̀. Ẹsẹ 27 ní ká lọ ka ìyókù iṣẹ́ Omri àti agbára rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àwọn ọba Israẹli, ìwé tó ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́, torí pé kì í ṣe agbára ló fi ń wọn ọba. Ìdí nìyí tí àwọn wòlíì Facebook fi ń sú mi, àwọn tí ń kígbe pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti gbè wá lẹ́yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá rí àpáàdì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ní àlọ́ ni gbogbo rẹ̀ náà ò sàn jù wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn méjèèjì ń bi òkúta. Èmi ń bi í pé, kí ni òǹkọ̀wé yìí mọ̀ tí kò sọ?

Ẹ wo ogun Qarqar, 853 ṣáájú ìbí Kristi. Òkúta Kurkh, tí Ṣalmaneseri yìí kan náà kọ, ní Ahabu kó kẹ̀kẹ́ ogun 2,000 àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ 10,000 wá dojú kọ Asiria. Kẹ̀kẹ́ ogun Damasku, tí wọ́n jọ wà níhà kan, 1,200 péré. Àwọn kan ní akọ̀wé Asiria bù mọ́ ti Ahabu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ahabu ọgbà àjàrà Nabotu ló ń kó ogun báyìí, Bíbélì ò sì fi ẹsẹ kan sọ ọ́.

Aago ti dún. Eyín erin tí wọ́n hú ní Samaria: ẹ ka Amosi 3:15, tó sọ̀rọ̀ ilé eyín erin. Èdìdì tí wọ́n ní ti Jesebeli ni: kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti rí i, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ìyá kan dìde: “Ọ̀mọ̀wé, ẹ ṣé o. Omri, Omri. Dafidi wa ńkọ́?”

Ẹ ṣé, Mà. Ní Tel Dan, ní àríwá Israẹli òní, ní 1993, wọ́n rí àfọ́kù òkúta ọba Aramu kan, Hasaeli lọ́pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó jẹ́. Ó dárúkọ Ilé Dafidi, ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Dafidi. Kò sọ nǹkan kan nípa Goliati. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó pa ọba Israẹli àti ọba Ilé Dafidi, ìyẹn Juda. Orúkọ wọn ti kán, àmọ́ lẹ́tà tó kù tọ́ka sí Joramu àti Ahasiah.

Ìyá náà ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: “Jehu ló pa wọ́n!”

Bẹ́ẹ̀ ni, orí 9 Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Òkúta àwọn ọba sì máa ń fọ́nnu: Meṣa ní Israẹli ti run títí láé, bẹ́ẹ̀ ìjọba náà tún lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí Àwọn Ọba Kìíní 19:17. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ idà Hasaeli, Jehu ni yóò pa á. Òǹkọ̀wé wa fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Èmi rò pé ó mọ̀ pé ọwọ́ wọn jọ wà nínú ikú àwọn ọba méjèèjì, ó sì tún dákẹ́.

Òpó Jehu àti òkúta Kurkh wà ní British Museum níbí. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ.